Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ọ̀bẹ Àpò fún Iṣẹ́ Okùn àti Omi

Okùn, àwọ̀n àti òjé ni mò ń tà fún àwọn apẹja ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ̀sà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀bẹ kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wá ra okùn á wo ọ̀bẹ tí mo fi gé e, á sì bi mí pé irú èwo ni kí òun náà rà. Ọ̀bẹ àpò là ń sọ o, èyí tí abẹ rẹ̀ ń ṣẹ́ wọ inú èèkù. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìrísí abẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Dídán kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, iye abẹ kò sì sọ pé ọ̀bẹ dára.

Àwọn ọ̀bẹ àpò àtijọ́ ní orúkọ, ìrísí wọn kì í sì í sábà yí padà láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é kan sí òmíràn. Barlow ni wọ́n ń ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di tiwọn. Irin gígùn kan ló bo orí èèkù rẹ̀ níbi tí abẹ ti ń yí. Stockman ní abẹ mẹ́ta: ọ̀kan ní ṣóńṣó, ìkejì tí wọ́n ń pè ní sheepsfoot ní ẹnu tó tọ́ gbọọrọ, ìkẹta ni spey, tí orí rẹ̀ kò mú, tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà fi ń tẹ màlúù lọ́dàá. Trapper ní méjì tó gùn bákan náà, ti àwọn tó ń bó awọ ẹran ni. Sodbuster jẹ́ ti àgbẹ̀: abẹ kan ṣoṣo tó fẹ̀, èèkù tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

Opinel náà wà, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Savoie nílẹ̀ Faransé ní 1890. Òrùka irin tó ń ti abẹ rẹ̀ pa kò dé títí di 1955. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ fún oúnjẹ, torí abẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́; nọ́ńbà 8 rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó tó fi bó iṣu. Ṣùgbọ́n igi ni èèkù rẹ̀. Tí igi náà bá mu omi, á wú, á fún abẹ mọ́nú, ẹ ó máa fà á kò sì ní jáde. Mi ò lè gbà á níyànjú fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Okapi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1902 fún ọjà Áfíríkà, tí wọ́n ń ṣe ní South Africa báyìí, le dáadáa, kò sì wọ́n, àmọ́ ṣóńṣó rẹ̀ gùn jù fún iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi.

Fún okùn, sheepsfoot ni mo dúró lé. Ẹ gbé okùn lé pákó kí ẹ wò ó. Abẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè, ojú kan péré ló máa fi kan pákó. Okùn á gé lápá kan, fọ́nrán díẹ̀ á ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹ ó tún máa rẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn, ẹnu okùn á sì tú yẹ́búyẹ́bú. Sheepsfoot máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí pákó láti ìdí dé orí. Àtàǹpàkò lẹ́yìn abẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti já. Tó bá jẹ́ okùn nílọ́nù, ẹ fi iná ra ẹnu rẹ̀ kó tó tú. Àwọn atukọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ èyí tipẹ́: irú abẹ yìí ló wà nínú ọ̀bẹ wọn, pẹ̀lú irin ṣóńṣó kan lẹ́yìn tí wọ́n fi ń tú kókó tó ti le. Orí rẹ̀ tí kò mú tún dára fún ìdí mìíràn. Nínú ọkọ̀ tó ń mì, ọ̀bẹ tó bá já bọ́ kò ní rí ṣóńṣó fi gún ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má kàn wo ọ̀bẹ nínú páálí rẹ̀. Ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Sipíríǹgì tó dára á fà á wọlé pẹ̀lú ìró kan tó dá ṣáká. Èyí tó bá ń lọ jẹ́jẹ́ láìdún ti rọ̀. Ẹ mú abẹ láàárín ìka méjì kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún àti sósì: tó bá ń mì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ pa á dé kí ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn èèkù níbi tí orí abẹ wọlé sí. Kò gbọ́dọ̀ ha yín lọ́wọ́, torí bó ṣe máa ha àpò àti itan yín nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Tí ẹnu abẹ bá ń sọ lu sipíríǹgì nígbàkígbà tó bá padé, kò ní mú pẹ́.

Ní ti irin, kábọ́ọ̀nù rọrùn láti pọ́n, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dùn lórí okùn, àmọ́ ó ń dípẹtà. Èyí tí kì í tètè dípẹtà ni ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹja àti omi yẹ kó rà. Ẹ máa fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lálẹ́, kì í ṣe omi ọ̀sà. Ẹ ṣí i dé ìdajì, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kán epo maṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ síbi tó ti ń yí. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà, ó máa ń dì, ìdọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ gbọ́ wà níbí. Wọ́n á ṣe abẹ tí kò ní dípẹtà, wọ́n á wá fi idẹ tẹ́ inú èèkù, wọ́n á tún fi irin lásán ṣe sipíríǹgì. Níbi tí idẹ bá ti kan irin, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, irin yẹn ló máa jẹ. Inú ni ọ̀bẹ ti ń kú, níbi tí ojú wa kò tó. Kí wọ́n fi irin kan náà ṣe abẹ àti sipíríǹgì, kí wọ́n fi ike tó le ṣe èèkù, kí wọ́n sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ ká lè so ó mọ́ ìgbànú. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ń yọ̀ fún ẹja, èékánná wo ni mo fẹ́ fi ṣí i?" Òótọ́ ni màmá sọ. Kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ èèkù wọlé díẹ̀ kí ìka méjì lè di abẹ mú. Tí wọ́n bá fún wa ní Sodbuster tó ní abẹ sheepsfoot kan péré, pẹ̀lú gbogbo èyí, màá kó o sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Kó tó dé, ẹ lè ra Sodbuster onírin tí kì í tètè dípẹtà, kí ẹ fi òkúta tàbí ẹ̀rọ ìlọrin lọ orí rẹ̀ di sheepsfoot. Ẹ̀yìn abẹ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́ wá sísàlẹ̀, títí ibi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè á fi kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kí orí tuntun náà lè máa sin wọ inú èèkù tó bá padé. Ẹ máa rì í bọmi lóòrèkóòrè bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́. Tí irin bá gbóná débi tó fi yí àwọ̀ padà di búlúù, líle rẹ̀ ti lọ níbẹ̀.