Bí mo ṣe kó àwọn èèyàn ńlá ìlú Kopřivnice jọ fún kíláàsì èdè Czech

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè Czech níbí ní Ostrava, lórílẹ̀-èdè Czech, ló gbé iṣẹ́ yìí fún wa o. Ó ní kí kálukú mú ìlú kékeré kan, kó wá àwọn èèyàn olókìkí tó jẹ mọ́ ìlú náà, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀, kó wá padà wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú kíláàsì, ní èdè Czech, láìwo ìwé. Àwọn tó gbọ́n ti sáré mú ìlú tó rọrùn lẹ́nu. Èmi tí mi ò tètè nawọ́, Kopřivnice ló kù fún mi, ìlú tí "ř" wà láàárín orúkọ ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ř yìí rí, kó gbìyànjú kó pe "r" tó ń gbọ̀n àti "ṣ" pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wá rí i bóyá ahọ́n ẹ̀ máa gbà. Ọdún kan gbáko ni mo ti lò níbí, tèmi ò tíì gbà.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kopřiva ni wọ́n ń pe ewé kan tó dà bí èsìsì tiwa, tó máa ń jóni lára téèyàn bá fara kàn án. Láyé tí Ọ́síríà ń ṣàkóso ibẹ̀, Nesselsdorf ni àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pè é, abúlé èsìsì ni ìtumọ̀ òun náà. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, torí ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá Kopřivnice kiri nínú àwọn ohun tí wọ́n kọ nípa mọ́tò àtijọ́, kò jáde, àfìgbà tí mo tẹ Nesselsdorf ni gbogbo ẹ̀ wá tú jáde bí ìgbà tí wọ́n yọ ìdérí igò. Orúkọ èèyàn náà bẹ́ẹ̀: ẹni tó dá fátíríì mọ́tò ìlú náà sílẹ̀, Šustala ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ lónìí, Schustala ni wọ́n kọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó yáa kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ wíwá.

Àwọn Czech ní ọ̀rọ̀ kan, rodák. Ọmọ bíbí ìlú nìyẹn. Tí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn èèyàn ìlú kan, wọ́n á ya rodák sọ́tọ̀, wọ́n á ya àwọn tó kàn wá gbé ibẹ̀ tàbí wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ́tọ̀. Ó yé mi dáadáa, ṣebí nílé náà, ẹni tó wá ra ilẹ̀ àti ẹni tí wọ́n sin ìwọ́ ẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe ìkan náà. Mo fa ìlà sí àárín ìwé mi. Ọwọ́ òsì ni mo kọ àwọn ọmọ bíbí sí: Ignác Šustala, Emil Zátopek, Zdeněk Burian. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo kọ àwọn àlejò sí: Hans Ledwinka àti Karel Loprais. Mo ti ẹ̀ kọ Freud, dọ́kítà olókìkí tó ń wo àìsàn ọkàn, mọ́ ọwọ́ òsì pẹ̀lú ìdánilójú, àfi bí mo ṣe wà nínú tréènì lọ́jọ́ Sátidé tí mo rí orúkọ Příbor lára ibùdókọ̀, ni mo bá rántí pé níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá náà ní 1856, kì í ṣe Kopřivnice. Ìlú méjèèjì fara kanra, tréènì kékeré téèyàn máa ń wọ̀ láti Studénka ló gba Příbor kọjá lọ sí Kopřivnice. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré sì ni Freud nígbà tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo fi bírò fa orúkọ ẹ̀ pa nínú tréènì yẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo kọ́kọ́ ṣìnà, torí mi ò mọ̀ pé mùsíọ́mù Tatra, ìyẹn fátíríì mọ́tò ìlú náà, pín sí méjì, ọ̀kan fún ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀kan fún mọ́tò kékeré. Ti akẹ́rù ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí, mo wá dúró sáàárín àwọn gbọ̀ngbọ̀nràn ọkọ̀ tí táyà wọn ga tó àyà mi, mò ń bi ara mi pé kí lèyí kàn mí. Ṣùgbọ́n ó kàn mí o, torí ìlú yìí ò ní ìtàn tó ju ti fátíríì yẹn lọ.

Šustala ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1822 ni wọ́n bí i ní Kopřivnice níbẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra ẹ̀ ní 1850, ó gbèrú débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú. Ó kú ní 1891. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí fátíríì náà ṣe, Präsident lorúkọ ẹ̀, 1897 ló jáde, ìyẹn ni pé bàbá tó pilẹ̀ ẹ̀ ò fojú rí i. Téèyàn bá sì wo Präsident yẹn, kẹ̀kẹ́ ẹṣin pọ́nńbélé ni, ẹṣin nìkan ni kò sí níwájú ẹ̀. Ní May 1898 ni wọ́n wà á lọ sí Vienna, ó lé ní 300 kìlómítà. Ẹ wo ojú àwọn àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ná.

Níbi ti Ledwinka, ẹnjiníà tó ń ya mọ́tò fún Tatra, ni mo ti pẹ́ jù. Ìtòsí Vienna ni wọ́n bí i ní 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ò tíì pé ogún ọdún ló jẹ́ nígbà tó dé fátíríì náà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀ ní 1921. Ní 1923 ló gbé Tatra 11 jáde, ohun tó ṣe sí mọ́tò yẹn ló ya mí lẹ́nu. Gbogbo ayé ń fi irin méjì gbọọrọ ṣe ìsàlẹ̀ mọ́tò, òun mú ọ̀pá oníhò ńlá kan ṣoṣo, ó tẹ́ ẹ sáàárín bí eegun ẹ̀yìn, irin tó ń gbé agbára ẹnjíìnì lọ sẹ́yìn wá ń yí nínú ihò ọ̀pá náà, ìdọ̀tí ò lè kàn án. Táyà ẹ̀yìn kálukú sì ń lọ sókè sódò láyè ara ẹ̀, tí ọ̀kan bá já sí kòtò, kò ní fa ìkejì. Ẹnjíìnì ẹ̀ náà, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, kò sí rédíétọ̀, kò sí pé omi tán lójú títì. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tó fi dáa pé mo kọ́kọ́ ṣìnà bọ́ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́rù, torí ọ̀pá kan náà yẹn ló ṣì wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Tatra títí dòní. Òun ló ń gbé Loprais gba inú yanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nígbà tó ń wa Tatra nínú eré Paris-Dakar, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbapò kìíní láàárín àwọn akẹ́rù, láti 1988 dé 2001.

Lẹ́yìn náà ni Tatra 77 ti 1934, tí ara ẹ̀ tẹ́ lọ sẹ́yìn bí ẹja, tí ẹnjíìnì sì wà lẹ́yìn. Téèyàn bá rí i láàárín àwọn mọ́tò mìíràn tó jọ àpótí láyé ìgbà yẹn, á rò pé ẹni ọ̀la ló gbàgbé mọ́tò ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì wá dé, wọ́n fẹ̀sùn kan Ledwinka pé ó bá àwọn Jámánì ṣe, wọ́n tì í mọ́lé, 1951 ló tó jáde. Wọ́n ní kó padà wá sẹ́nu iṣẹ́, ó kọ̀. Ó kó lọ, Munich ló kú sí ní 1967. Mo dúró síwájú fọ́tò ẹ̀ fúngbà díẹ̀, mi ò purọ́, ó dùn mí.

Zátopek, eléré ìje, kò gba àlàyé púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Czech, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Kopřivnice ni wọ́n bí i, 19 September 1922, ó lọ ṣiṣẹ́ ní fátíríì bàtà Baťa ní Zlín, ibẹ̀ ni wọ́n ti fipá mú un sá eré, òun ń sọ pé ara òun ò yá, dọ́kítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ó sáré náà, ó ṣe ipò kejì, ó di wàhálà fún gbogbo ayé. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki lọ́dún 1952, ó gba wúrà 10,000 mítà, ó gba ti 5,000, ó wá ní òun máa sá máratọ́ọ̀nù tí kò sá rí láyé ẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó bi Jim Peters, akọni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá eré yẹn ò ti yá jù. Ìyẹn ní kò tíì yá tó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ló bá fi í sílẹ̀ lọ. Ó gba wúrà ìyẹn náà. Ìyàwó ẹ̀, Dana, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún kan náà, ọjọ́ tọ́kọ sì gba wúrà 5,000 mítà náà ni ìyàwó gba tiẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ jíjù. Orí ló mọ orí.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun wọ̀lú ní 1968, ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i, wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ sójà, ó di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára kiri pẹ̀lú àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Rožnov ni sàréè ẹ̀ wà, kì í ṣe Kopřivnice, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sáré láti Kopřivnice lọ síbẹ̀ lóṣù September, ó tó kìlómítà 22. Ìlú ò jẹ́ kó lọ tán.

Ti Burian ló wá dá mi lágara díẹ̀. Kopřivnice ni wọ́n bí i ní 1905, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n Štramberk, ìlú orí òkè tó wà nítòsí, ni wọ́n ti tọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mùsíọ́mù ẹ̀ wà. Òun ló ń ya àwòrán àwọn ẹranko ayé àtijọ́, dáínósọ̀, àwọn erin onírun, àti àwọn èèyàn inú ihò àpáta. Mo ní mi ò ní lọ, ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mo tún gun òkè náà, mo sì dúpẹ́ pé mo lọ, torí ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Šipka, níbi tí wọ́n ti rí egungun àgbọ̀n ọmọ kékeré kan ní 1880, ọmọ àwọn Neanderthal, irú èèyàn ayé àtijọ́ kan tí kò sí mọ́. Ọmọ tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, kí ló tún fẹ́ yà? Mo ra uši tí wọ́n ń tà níbẹ̀, bisíkíìtì olóyin tí wọ́n ká bí etí, mo ní máa gbé e wá fún kíláàsì. Studénka ni mo ti jẹ èyí tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí mo máa sọ̀rọ̀, mo fi Ledwinka ṣáájú. Ọmọ Vietnam kan nawọ́ sókè pé kì í ṣe rodák, kí ló dé tí mo fi í ṣáájú ọmọ onílé? Mo ní àwọn ọmọ bíbí ìlú náà, ọ̀kan gba Zlín lọ, ọ̀kan gba Štramberk, Šustala gan-an Vienna ló kú sí, àlejò yìí ló lọ tó tún ń bọ̀ ṣáá. Ó ní ṣebí nígbẹ̀yìn Ledwinka náà kọ̀, kò padà. Mi ò rí èsì fún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá a.

Tíṣà ò dá sí i. Ó ní kí n tún orúkọ ìlú náà pè. Mo pè é, ó mirí. Mo tún un pè, ó mirí. Ẹ̀kẹta ni ř yẹn jáde.