Ohun Tó Ń Fò Lójú: Ẹ Má Kán Nǹkan Kan Sí I

Oògùn tí ẹ ń kán sójú kò lè dé ibi tí ohun tó dà bí eṣinṣin tàbí òwú tó ń fò lójú yín wà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ka èyí tó kù nínú ìwé yìí, ẹ di èyí mú. Inú ẹyinjú ló wà, lẹ́yìn ọmọlójú, nínú omi kan tó ki bíi funfun ẹyin adìẹ tútù. Omi náà tó nǹkan bíi mílílítà 4 nínú ojú kan. Tí èèyàn bá ti lé ní ẹni ọdún 50, omi yìí á máa ṣàn, á máa sún kì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì dì. Òjìji èyí tó dì ni ẹ ń rí tí ẹ ń pè ní eṣinṣin tàbí òwú. Ìdí nìyẹn tó fi ń hàn jù nígbà tí ẹ bá gbójú sókè wo sánmà, tí ẹ bá sì ní kí ẹ tẹjú mọ́ ọn, á yẹ̀ fún yín.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì tó ti wà tipẹ́, tí kò pọ̀ sí i, tí ojú sì ń ríran dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà ojú ní ọjọ́ tí ẹ bá ráyè, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Èyí tí kò gba sùúrù ni kí ohun dúdú wínníwínní ṣàdédé pọ̀ lójú, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ máa kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ ojú, pàápàá nínú òkùnkùn. Bákan náà ni kí òkùnkùn bo apá kan ojú, yálà láti òkè, láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ojú kan ṣàdédé má ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn ti tó. Kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú kí wákàtí 24 tó pé. Kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ta kòkó tán.

Nígbà tí omi inú ojú bá ń sún kì, ó lè fa awọ tó wà lẹ́yìn ojú ya. Nínú èèyàn 10 tí àwọn àmì yìí bá bẹ̀rẹ̀ lójú wọn lójijì, a máa ń rí ó kéré tán ẹnì kan tí awọ rẹ̀ ti ya. Bí wọ́n bá tètè rí i, iná lésà ni wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́, onítọ̀hún á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá rí i, omi á gba ojú ibi tó ya wọlé, á ṣí awọ náà kúrò lára ògiri ojú. Ó di iṣẹ́ abẹ nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń ṣe é. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tó ń tàn yín jẹ ni pé kì í dunni. Awọ yẹn kò mọ ìrora, ojú kò sì ní pupa. Bàbá kan tó ń dáko kòkó ní òun ń fọwọ́ lé kòkòrò lójú ọ̀tún fún odindi àárọ̀ kí òun tó mọ̀ pé kò sí kòkòrò níbẹ̀. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ta oògùn ojú fún un. Ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó kán omi ṣúgà sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fún un ní ìtọ̀. Ìgbà tó fi máa dé ọsibítù, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú náà ń mọ̀. Owó tó ti ná lórí oògùn ju owó ọkọ̀ tí ì bá fi lọ ní ọjọ́ kejì lọ.

Ẹ yé kán ìtọ̀, omi ṣúgà, omi bátìrì, ọmú tàbí àgbo sójú. Oògùn ojú tí ẹnì kan lò kù, ẹ má gbà á: tó bá ti lé ní ọjọ́ 28 tí wọ́n ti ṣí i, kò dára mọ́. Òmíràn wà nínú wọn tó máa ń mú kí inú ojú le, tí yóò sì bá ojú náà jẹ́ pátápátá.

Ẹ máa yẹ ojú wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n pín níbi òkú àgbà, tó wà lára ògiri yín, ti tó. Ẹ dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹjú mọ́ àárín àwòrán náà, kí ẹ wò ó bóyá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ bo ìkejì. Ẹni tó bá ń fi ojú méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan náà kò yẹ nǹkan kan wò, nítorí èyí tó dára á máa bo èyí tó ń bàjẹ́ lórí.

Àwọn tó yẹ kó kíyè sára jù ni ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán láìlo gíláàsì, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kataráàtì (àìsàn tó ń mú ọmọlójú funfun) fún, àti ẹni tí igi, òkúta tàbí kòkó bọ́ lù lójú lóko. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC wà lára wọn pẹ̀lú, torí ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ojú wọn. Kí alátọ̀gbẹ máa yẹ ẹ̀yìn ojú wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yẹn, ẹ má lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì. Ọsibítù tó ní dókítà ojú ni kí ẹ lọ, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín kí wọ́n lè darí yín. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ sí yín lójú, kí wọ́n lè wo ẹ̀yìn ojú. Oògùn náà á gbà tó ìṣẹ́jú 30 kó tó ṣiṣẹ́, ìran á sì máa ṣú fún bíi wákàtí 4 sí 6, nítorí náà ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ má gun ọ̀kadà fúnra yín padà.

Bí wọ́n bá ní awọ kò ya, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, torí ó lè ya láàárín ìgbà náà. Bí ohun tó ń fò bá pọ̀ sí i kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì.