Bí mo ṣe fi ìtàn O. Henry kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣómólú, àti owó tó bá a lọ

₦10,800 ni mo san fún fọ́tòkọ́pì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó náà ná.

"Ọ̀fẹ́ ni," ni gbogbo ẹni tí mo bi nípa lílo ìtàn náà ń wí. Irọ́ kọ́. O. Henry, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kú láti 1910, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà (Copyright Act 2022) sì sọ pé lẹ́yìn 70 ọdún tí òǹkọ̀wé bá ti kú, ẹ̀tọ́ náà tán. Kò sẹ́ni tó máa mú mi. Mo rí ìtàn "The Gift of the Magi" lórí Project Gutenberg, ibi ìwé ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù mi sí ọmọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo ní kó ṣe ẹ̀dà 24. Ṣómólú la wà yìí o, ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Mo rò pé ẹni tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ á mọ ohun tó ń tẹ̀. Mo bá lọ ra nǹkan ọbẹ̀.

Kí n tó dé, ó ti tẹ ojú ìwé mẹ́fà tí ìtàn wà, ó tún ti tẹ ojú ìwé mẹ́ta òfin wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ fáìlì mọ́ ọn, ọ̀nà 24. Ojú ìwé 72, àlàyé àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà nìkan! Ní ₦50 fún ojú ìwé kan, ₦3,600 ló bá ìyẹn lọ. Mo pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà ní kí n tẹ gbogbo ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì wí lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Mi ò ní fi bí mo ṣe kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ gba àkókò yín. Gbọ̀ngàn àwọn onílé àdúgbò wa là ń lò, agogo méje alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọmọṣẹ́ télọ̀ ló pọ̀ jù, onídìrí mẹ́rin wà níbẹ̀, àwọn méjì tó ń lẹ táyà, àti Ìyá Alákàrà tó ń dín àkàrà ní ìkòríta. Gbogbo wọn ló lè ka Yorùbá, gbogbo wọn ló gbọ́ píjin. Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní "abeg" nínú ló ń dà wọ́n láàmú. Ìwé tí a ń lò tẹ́lẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ bàálù nínú wọn. Mo ní kí n fi ìtàn gbìyànjú, torí ẹni tó bá ń wá bí ìtàn ṣe parí á fara da gírámà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, a ò kọjá ìpínrọ̀ kìíní. "Parsimony", ìyẹn ìwà ahun, ló dì wá lọ́nà. Ọmọ télọ̀ kan bi mí bóyá orúkọ òògùn ni. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ní New York ní 1905 ni O. Henry kọ ọ́ fún, ó sì fẹ́ràn kó máa fi ọ̀rọ̀ gàgàrà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kékeré, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ńlá ṣeré? Mo kó gbogbo ìwé ₦10,800 náà padà sílé.

Òru méjì ni mo fi tún un kọ. Ìtàn náà tó nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ di 600. Mi ò fọwọ́ kan orúkọ, mi ò fọwọ́ kan iye owó, mi ò sì jẹ́ kí òpin rẹ̀ yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: ó dùn ún kà. Ojú ìwé méjì péré, ₦2,400 fún ẹ̀dà 24, lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Orí ẹ̀rọ ni mo dúró sí títí tó fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ìyá Alákàrà ló tún dá wa dúró. Owó tó wà lọ́wọ́ Della, ìyàwó tó fẹ́ ra ẹ̀bùn Kérésì fún Jim ọkọ ẹ̀, ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀: dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 87, tí 60 nínú ẹ̀ jẹ́ ẹyọ sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Mo ti ya owó ẹyọ Amẹ́ríkà sójú bọ́ọ̀dù: sẹ́ǹtì kan, márùn-ún, mẹ́wàá, 25. Ìyá Alákàrà wò ó títí, ó ní kò pé. Ẹ yọ 60 kúrò, ó ku dọ́là kan àti 27. Tí sẹ́ǹtì ẹyọ bá ti tán, níbo ni méjì tó gbẹ̀yìn 27 ti wá? Mo ní ká máa lọ. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, ẹni tí ṣéńjì ẹ̀ ò bá ti pé, kí ló tún fẹ́ sọ tí òun máa gbà gbọ́? Nígbà tí mo délé ni mo wá a, mo sì rí i pé Amẹ́ríkà rọ owó sẹ́ǹtì méjì rí, láti 1864 di 1873. Bóyá ògbólógbòó kan ṣì wà lọ́wọ́ Della. Ìyá Alákàrà ní ó dáa, òun fi ìyẹn jì í. Nígbà tí a dé ibi tí Della ti ta irun ní 20 dọ́là, tó ra ṣéènì aago ọkọ ẹ̀ ní 21, tó sì ku sẹ́ǹtì 87, ó ní, "Ibí yìí pé."

Eré nìyẹn o. "He" àti "she" ló fẹ́ pa mí.

Mo ní kí ọmọ télọ̀ kan sọ ìtàn náà padà. Ó ní, "He don't have money, so he sell her hair." Ẹnì kan bi í pé ta ló ta irun ta. Ó ní Della ni. Onídìrí kan dìde, ó ní rárá, ohun tó sọ ni pé Jim ló gé irun ìyàwó ẹ̀ tà. Ó fa ọ̀rọ̀. Ká tó mọ̀, ìlàjì kíláàsì ti gbà pé Jim ni ọ̀daràn, wọ́n ń bi mí irú ọkọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ti di ẹjọ́ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. "Ó ta irun rẹ̀ kó lè ra ṣéènì fún un": ta ni? Ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́, aago, "ó" ni gbogbo wọn ń jẹ́ lédè wa. Ohun tí Yorùbá fẹ́ mọ̀ ni bóyá àgbà ni ẹni náà, kí a lè pè é ní "wọ́n". Ìyá Alákàrà kúkú ṣe ti ẹ̀ bẹ́ẹ̀: "They come back from work." Mo ní, "Màmá, Jim nìkan ló wọlé, ọmọ ọdún 22 sì ni." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó ní, "Ọkọ ẹni ni."

Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, he, him, his, she, her. Wọ́n kà á bí orin. A ṣí ìtàn, ó fò lọ. Alẹ́ kejì, bákan náà. Alẹ́ kẹta, mo jágbe mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń lẹ táyà, ojú tì í, kò sì wá lọ́jọ́ kejì ẹ̀kọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìdí iṣẹ́ ẹ̀, níwájú ọ̀gá ẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀ kó tó wá bá ẹ, kì í ṣe ẹni téèyàn ń jágbe mọ́.

Ooru ló ràn wá lọ́wọ́. Iná lọ, mo tú gèlè mi sórí tábìlì, ọmọ télọ̀ kan náà sì gbé fìlà ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wo méjèèjì. Mo ní ó yá, gèlè ni Della, fìlà ni Jim. Kò sẹ́ni tó máa sọ "he" tàbí "her" láì kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹni tó ń sọ. "She bought a chain for his watch": gèlè, lẹ́yìn náà fìlà. Bí ọ̀gà ni wọ́n ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ! Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí i pé ọwọ́ wọn ń yọ́ rìn lórí itan láì sí gèlè níbẹ̀.

Yòókù ò gba wàhálà. Nígbà tí mo ní karahun ìjàpá ni wọ́n fi ṣe òòyà tí Jim rà, gbogbo ilé hó pé àwọn mọ̀ pé Ìjàpá á wà níbẹ̀. Àwọn onídìrí dá iye lé irun Della, wọ́n ní tó bá gùn kọjá orúnkún, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ìyá Alákàrà bi mí bóyá kò sí àjọ ní Amẹ́ríkà ni.

Tí mo bá tún un ṣe, "The Necklace" ti Maupassant, òǹkọ̀wé ará Faransé, ti 1884, ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń yá góòlù wọ lọ sóde ò nílò àlàyé lórí obìnrin tó yá ẹ̀gbà ọrùn wọ lọ sí àríyá tó sì sọ ọ́ nù. Nígbà tí a kà á lẹ́yìn ti O. Henry, tí wọ́n gbọ́ pé lẹ́yìn ìyà ọdún mẹ́wàá, ayédèrú ni ohun tí wọ́n fi 36,000 faranki dípò, ọmọ télọ̀ kan káwọ́ lérí. Faransé ni wọ́n sì fi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí náà mo ń gé Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ má kọ́kọ́ sọ òpin ìtàn fún wọn ní Yorùbá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe palẹ̀ ìwé wọn mọ́ nìyẹn.

Ojú ìwé àwọn lọ́yà, Ìyá Alákàrà ni mo kó o fún. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó fi ọ̀kan pọ́n àkàrà mi, ó nà án sí mi, ó ní, "Careful, Àǹtí, she is hot."

Mo ní, "It, Màmá. It."

Ó dúró, síbí ìdínkàrà wà lókè. Ó ní, "Kí wá la máa fọwọ́ kàn fún ìyẹn?"