Yíyan Rẹ́kọ́dà Tẹlifíṣọ̀n HD fún Ilé Tí Iná Rẹ̀ Kì Í Dúró

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ díìṣì àti díkódà ni mo fi ń jẹun ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, àtẹ̀gùn mi sì ti kan òrùlé púpọ̀ láti Iyara títí dé Isanlu. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, díkódà tó ń ká eré sílẹ̀, tí à ń pè ní rẹ́kọ́dà, ni àwọn èèyàn ń béèrè jù lọ́wọ́ mi. Wọ́n á ní, “Bùọ̀dá, èwo ló dáa jù?” Kí n tó dárúkọ kankan, èmi náà á bi wọ́n pé: lásìkò tí eré tí ẹ fẹ́ ká yẹn bá ń lọ, ṣé iná máa ń wà nílé yín?

Ẹni tó wà lóko kaṣú títí oòrùn fi wọ̀, ìyá tó ń ná ọjà láti àárọ̀, olùkọ́ tó ń ti ìlú kejì bọ̀ lórí ọ̀kadà, gbogbo wọn ni bọ́ọ̀lù àti ìròyìn máa ń kọjá lórí wọn. Rẹ́kọ́dà ló lè bá wọn dì í mú títí wọn yóò fi délé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iná, kò sí ohun tó máa dì mú. Nítorí náà, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ibi tí eré yóò máa wà, kí ẹ tó wá bèèrè bí àwòrán ṣe mọ́ tó. Àwọn ọlọ́jà á kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń dán hàn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn, kí ẹ sì padà sórí ìbéèrè yín.

Ẹ gba ádápítọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí ẹ bá rí 12V àti 2A, ìyẹn ni pé wáàtì 24 ni ó pọ̀ jù tí yóò máa gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: kò pọn dandan kí tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn nígbà tí rẹ́kọ́dà bá ń ká nǹkan. Tẹlifíṣọ̀n ló ń jẹ iná. Rẹ́kọ́dà nìkan, pẹ̀lú díìṣì tó ń bọ́, kò jẹ ju gílóòbù kékeré kan lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Bí ẹ kò bá fẹ́ pa bátìrì olómi lára, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò, ìyẹn 600. Ẹ pín in sí 24, ó di wákàtí 25. Ká tiẹ̀ ní ínfátà yóò jẹ díẹ̀ níbẹ̀, alẹ́ kan àti ọjọ́ kejì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ilé tó ní sólà kékeré tó ń tan iná yàrá ti ní ohun tó tó rẹ́kọ́dà, láìtan jẹnẹrétọ̀ rárá.

Rẹ́kọ́dà tó ń lo ádápítọ̀ 12V ni mo fi ń gba àwọn ará wa nímọ̀ràn, ju èyí tí wáyà iná 220V wọ inú rẹ̀ tààrà lọ. Ádápítọ̀ tó bá jó ṣeé rà lọ́jà. Bí èyí tó wà nínú bá jó, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀rọ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so 12V yẹn mọ́ bátìrì sólà láìsí ohun kan láàárín. Nígbà tí sólà bá ń fi iná kún bátìrì, agbára rẹ̀ máa ń kọjá 14V. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ kékeré tó ń dá a dúró sí 12V sáàárín wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í jáde nílé láìpa gbogbo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù iná tó máa ń fi agbára òjijì dé ló ń bà wọ́n, wọn ò sì jẹ̀bi. Àmọ́ rẹ́kọ́dà tí a bá pa láti ara ògiri ti kú nìyẹn, kò lè jí ṣiṣẹ́ nígbà tí àkókò bá tó. Rìmóòtù ni ká fi mú un sùn, kí iná pupa ojú rẹ̀ ṣì máa tàn. Owó sitabiláísà wà lára owó rẹ́kọ́dà ní tèmi, n kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà tí ààrá bá ń sán nìkan ni mo gbà pé kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì yọ wáyà díìṣì pẹ̀lú, nítorí ààrá ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí eré ọjọ́ náà lọ.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, kódà bí ọlọ́jà bá ń kánjú. Ẹ ní kí wọ́n ṣètò rẹ́kọ́dà náà láti ká ìkànnì kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ iná, kí wọ́n kà dé ogún, kí wọ́n dá a padà. Ẹ fọwọ́ lẹ́rán kí ẹ máa wò ó. Òmíràn á jí, á rántí iṣẹ́ tó ń ṣe, á sì máa bá a lọ. Òmíràn á jí, á kàn jókòó. Òmíràn kò ní jí títí ẹnìkan yóò fi tẹ rìmóòtù. Ti àkọ́kọ́ ni ti ilé wa. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí èyí tó ti ká kí iná tó lọ, kí ẹ rí i bóyá ó ṣeé wò àbí ó ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára páálí tó lè sọ èyí fún yín.

Páálí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ o. “HD” tó wà lára rẹ̀, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, kò túmọ̀ sí pé ó ń ká nǹkan sílẹ̀. Díkódà HD púpọ̀ ló wà tí kò lè ká ohunkóhun. Bí ẹ bá rí “PVR Ready”, ìyẹn ni pé ó lè ká eré sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ máa ra ibi tí eré yóò máa wà, yálà fláàṣì tàbí háàdì, tí ẹ óò kì bọ ojú USB. Àwọn bí Explora ti DStv ní háàdì tiwọn nínú. Ìyẹn rọrùn fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ orí díìṣì tí wọ́n ń pè ní Smart LNB, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá ó wà nínú owó tí wọ́n dá. Ẹ tún bèèrè owó tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù nítorí kíká sílẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìkànnì. Ohun tí díkódà olówó-oṣù bá sì ká, a ti tì í mọ́ ọn nínú: ẹ kò lè yọ háàdì rẹ̀ lọ wò nílé ẹ̀gbọ́n yín.

Nípa bí háàdì ṣe yẹ kó tóbi tó, ìkànnì HD tó ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa gba bíi 3.6GB ní wákàtí kan. Eré bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìsinmi rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 7GB. Fláàṣì 64GB á gba wákàtí 17, háàdì 500GB á gba bíi 138, 1TB á kọjá 270. Fún ilé kan, 500GB ti tó. Ẹni tó ń ra 2TB ń ra ohun tí kò ní ráyè wò.

Bí wọ́n bá ṣètò fláàṣì tàbí háàdì yín ní FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú rẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo kò lè kọjá 4GB. Rẹ́kọ́dà tó gbọ́n á gé eré sí méjì, á sì so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Èyí tí kò gbọ́n á dúró nígbà tí ìdajì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Rẹ́kọ́dà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó ṣètò háàdì náà, lójú yín. Háàdì kékeré ni kí ẹ rà, èyí tó ń gba iná láti ojú USB. Ńlá ń fẹ́ ádápítọ̀ tirẹ̀, ẹ sì ti rí i pé à ń ṣọ́ wáàtì.

Ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 1TB sí. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju 8GB tàbí 16GB lọ nínú, wọ́n kàn ti tàn kọ̀ǹpútà jẹ. Eré á wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan, nígbà tí ẹ bá fẹ́ wò ó ni ẹ óò bá òfìfo. Ọmọ tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé lè bá yín da fíìmù kún un títí, kó tún ṣí ti ìkẹyìn wò.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wo ibi tí ilé yín wà. Díìṣì DStv tiwa níhìn-ín ń wo ìlà-oòrùn, nítorí sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní 36°E. Igi tó máa ń wọ́wé, tó bá wà níwájú rẹ̀, lè má yọ yín lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ìgbà tí ewé bá kún. Oríṣi tó ń lo antẹ́nà bíi GOtv ní láti ríran dé òpó tó ń tan án, àwọn òkè wa kì í sì í jẹ́. Ilé tó wà lẹ́yìn àpáta ní Ogidi kì í ṣe bí èyí tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ yá antẹ́nà aládùúgbò, kí ẹ gbé e sókè wò kí owó tó jáde. Òjò ńlá máa ń dí sátẹ́láìtì pẹ̀lú, rẹ́kọ́dà á sì ká òjìji dúdú sílẹ̀ láìbèèrè. Bí ètò bá ní àtúnfihàn, ẹ ká ìyẹn náà.

Ilé tí èèyàn ti pọ̀ ń fẹ́ rẹ́kọ́dà oní-túnà méjì (túnà ni ohun tó ń mú ìkànnì nínú rẹ̀), kí ìyá lè máa wo fíìmù nígbà tí ẹ̀rọ ń ká bọ́ọ̀lù. Bí ó bá jẹ́ túnà kan, ohun tí ó ń ká náà ni gbogbo ilé yóò máa wò, mo sì ti rí ìjà lórí èyí. Túnà méjì kò sì wúlò bí ìlà kan ṣoṣo bá ti orí díìṣì lásán wá.

Ti àwòrán kò pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n yín gbọ́dọ̀ jẹ́ HD, 720 tàbí 1080, wáyà HDMI ni kí ẹ sì lò, nítorí wáyà olórí mẹ́ta, pupa, funfun àti yẹ́lò, kì í gbé HD. Ẹni tó ṣì ń lo tẹlifíṣọ̀n ìdí ńlá ayé àtijọ́, kí ó fi owó HD pamọ́ ra bátìrì.

Bó bá délé, ẹ wo aago rẹ̀. GMT+1 ni tiwa. Mo ti bá oríṣi kan pàdé tí aago rẹ̀ fi wákàtí kan dúró sẹ́yìn, gbogbo eré ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìparí ètò bọ́ọ̀lù fún àfikún àkókò. Ẹ má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó dé pa, háàdì kì í fẹ́ ooru. Kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti páálí rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi kọjá, kí ẹ máa ká nǹkan lójoojúmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì máa ṣí i wò ní alẹ́, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọlọ́jà ṣì lè gbà á padà.