Odidi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kan, Ọjọ́ Méjìlá

Àbúrò ọkọ mi ló gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá fún wa láti oko Àgọ́-Ìwòyè, ọwọ́ méje gbáko, kò sí èyí tó tíì pọ́n níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin péré la wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó gbé irú ẹ̀ wá kẹ́yìn, inú agbọ̀n kan náà ni mo kó o sí pẹ̀lú ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ pọ́n, kí n tó ṣẹ́jú, eṣinṣin wẹ́wẹ́ ti gba kíṣìnì lọ́wọ́ mi.

Ethylene ló fà á, afẹ́fẹ́ kan tí èso tó ń pọ́n máa ń tú jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú u, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti tòmátì náà ń tú u, èyí tó pọ́n á sì máa kó o ran èyí tí ò tíì pọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò bí wọ́n bá fẹ́ kó tètè pọ́n. Èmi wá ṣe òdìkejì ẹ̀.

Mo fọ̀bẹ ya ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Aládùúgbò gba ọ̀kan. Mo so mẹ́ta kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò dé, nítorí pé tó bá wà nílẹ̀, ibi tó fi tilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ọwọ́ méjì, mo fi ọ̀rá wé ìdí tí ọmọ ti so pọ̀, mo fi rọ́bà dè é gírígírí, torí wọ́n ní ìyẹn kì í jẹ́ kó tètè pọ́n. Ọ̀kan tó kù, mo fi sórí tábìlì láìfi nǹkan kan wé e, kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi. Ti orí tábìlì fi ọjọ́ méjì ṣáájú èyí tí mo wé pọ́n. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, àmọ́ ọjọ́ méjì yẹn wúlò.

Èyí tó bá pọ́n tán nìkan ni mo ń gbé sí fíríìjì. Òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 13°C lọ kì í bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára mu: tí kò bá tíì pọ́n, kò ní pọ́n dáadáa mọ́, tó bá ti pọ́n, èèpo ẹ̀ á dú bí èédú, inú ẹ̀ ò ní nǹkan kan ṣe. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Ó ṣí fíríìjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ìyá Tóbi, kí lo fẹ́ fi jíjẹrà yìí ṣe?” Kí n tó dé kíṣìnì, ó ti ju mẹ́rin sí garawa ìdọ̀tí. Mo bó ọ̀kan tó kù, mo fi ẹ̀pà sí i, mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó yọjú wo garawa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá o, ẹ má bi mí bóyá a yọ mẹ́rin yẹn.

Nígbà tó ku mẹ́jọ lórí ìṣó, ní ọjọ́ kejìlá, mo bó wọn, mo gé wọn, mo kó wọn sí ibi tí yìnyín ti ń dì. Ẹ kọ́kọ́ bó o o, torí èèpo tó bá ti dì máa ń lẹ̀ típẹ́. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì ní kété tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ sì mu ún tán lórí ìdúró.