Bí mo ṣe ń fi oòrùn ya fíìmù níta

Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń lọ wo ibi tí a ti fẹ́ yàwòrán, ní àkókò kan náà tí a máa lò ó, kí n lè rí ibi tí oòrùn wà àti ibi tí òjìji ń ṣubú sí. Ìyẹn ni mo fi ń pinnu ibi tí òṣèré máa dúró.

Mo fẹ́ràn kí oòrùn wà lẹ́yìn òṣèré. Ẹni tó kọjú sí oòrùn á máa ṣẹ́jú, á fajú ro, kò sì sí bó ṣe máa sunkún tí a máa gbà á gbọ́. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, irun àti èjìká á máa tàn, ojú á sì balẹ̀. Bí ojú bá wá ṣókùnkùn, ẹ gbé páálí funfun ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, kó máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Ẹ gbé e sókè tó ojú o! Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa ti abẹ́ àgbọ̀n wá, òṣèré á sì dà bí iwin. Funfun tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó ń dán bíi fàdákà lọ, torí ìyẹn máa ń gún èèyàn lójú.

Ọ̀sán gangan le: ihò ojú á dúdú, imú á da òjìji sẹ́nu. Ẹ na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sókè orí àwọn òṣèré, tàbí kí ẹ wọ ibòòji.

Ní ti kámẹ́rà, ẹ fi white balance, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí funfun hàn ní funfun, sí 5600K (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán), kó dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa dá yí ara rẹ̀, àwọ̀ á máa yí padà láàárín ìran kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù) 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sí férémù kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. ND filter, ìyẹn gíláàsì dúdú tí a ń fi síwájú lẹ́ńsì, ni kí ẹ fi dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bí ẹ bá fi shutter dín in, ìrìn èèyàn kò ní lọ geere mọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé oòrùn ò dúró lójú kan. Ìwọ̀n digiri 15 ló ń rìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, òjìji sì ń bá a rìn. Nítorí náà, àwòrán tó fẹ̀, tó gba ilẹ̀ àti igi, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, torí kò sí aṣọ tó lè bo gbogbo pápá. Àwòrán ojú lásán lè dúró dìgbà tó bá yá. Aṣọ àti páálí á bá yín tún un ṣe.

Wákàtí tó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, ìran kúkúrú ni mo máa ń fi í yà, èyí tí a ti dánra wò dáadáa. Ìran tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn kò bá a mu, torí ìmọ́lẹ̀ á ti yí padà kí ẹ tó dé ìdajì.