Bí Mo Ṣe Wọn Èrè Ètò Ìlera Méjì fún Ìgbìmọ̀ Tó Ń Pín Owó

Ìgbìmọ̀ kan tó ń pín owó ètò ìlera ní kí n bá àwọn fi ètò méjì wé ara wọn. Èkínní jẹ́ iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí oríkèé ìbàdí wọn ti jẹ débi pé rírìn di ìṣòro. Èkejì jẹ́ ìtọ́jú fún àwọn tí ìsoríkọ́ ń bá fínra. Owó tó wà nílẹ̀ kò ká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tí yóò ṣe ará ìlú lóore jù.

Mo kọ ìpinnu náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí n tó wá òṣùwọ̀n, nítorí òṣùwọ̀n tó dára fún iṣẹ́ kan lè má wúlò rárá fún òmíràn. Kíka iye àwọn tó kú, tàbí iye ọdún tí a retí pé ènìyàn yóò lò láyé, kò lè là mí lójú níbí, torí pé ìbàdí tó ń dunni kì í sábà pani. Òfin tí a fi dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1946, kò kúkú fi ìlera mọ sórí àìsí àrùn. Ó ka àlàáfíà ara, ti ọkàn àti ti àwùjọ mọ́ ọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ lò ni EQ-5D, ìwé ìbéèrè tí ẹgbẹ́ EuroQol ṣe. Ó ń béèrè nípa rírìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìsoríkọ́. Nínú ẹ̀dà tí mo lò, ìdáhùn márùn-ún ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ ipò ìlera tó ṣeé ṣàpèjúwe di 3,125. Ipò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: 1 ni ìlera pípé, 0 ni ikú, àwọn ipò mìíràn sì wà tí iye wọn kéré sí òdo. Iye yìí la ń fi iye ọdún sọ di púpọ̀ kí a tó rí ohun tí wọ́n ń pè ní QALY, ìyẹn iye ọdún tí a ti fi bí ìlera ṣe dára tó wọ̀n. Bí ìtọ́jú bá gbé ènìyàn láti 0.6 dé 0.8, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 10, QALY 2 ni èrè rẹ̀. Mo fi iye QALY tí ètò kọ̀ọ̀kan mú wá pín owó tí yóò ná wọn, iṣẹ́ abẹ sì gba iwájú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ máa ń parí sí. Èmi yẹ ibi tí àwọn iye náà ti wá wò. Wọ́n sábà máa ń bi àwọn ará ìlú, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ àìsàn náà rí, pé: bí o bá máa lo ọdún 10 nínú ipò yìí, ọdún mélòó nínú ìlera pípé ni wàá gbà dípò rẹ̀? Ẹni tó bá ní méje ti fún ipò náà ní 0.7. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká, tí a ní kó fojú inú wo àìlèrìn, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa rò. Kò ní rántí pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín, àti pé púpọ̀ nínú ìṣòro náà máa ń mọ́ni lára. Ìsoríkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí inú èrò gan-an ló fi ṣe ilé, kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá jà gbàgbé òun. Paul Dolan àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìhùwàsí ènìyàn, ti jọ kọ̀wé lórí kókó yìí ní 2008.

Nítorí náà mo fi òṣùwọ̀n kejì kún un. Láti 2011 ni àjọ oníṣirò ìjọba ilẹ̀ Britain ti ń bi ará ìlú bí ayé wọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó, láti 0 dé 10. Ní 2021, ilé iṣẹ́ ìṣúná wọn fi ìlànà síta tó gba WELLBY láàyè, ìyẹn ni pé kí ìtẹ́lọ́rùn ènìyàn kan fi ìpele kan ga sí i fún ọdún kan. Ìbéèrè nípa ìtẹ́lọ́rùn yìí ni mo fi ṣáájú nínú ìwé ìbéèrè mi, nítorí bí a bá ti kọ́kọ́ bi ènìyàn nípa ìrora, ìrora ni yóò fi dáhùn ìyókù. Àwọn tí a kò rí mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ló gba àkókò mi jù: bí ó bá jẹ́ àwọn tí ara wọn kò yá ni kò padà wá, èrè ètò náà yóò pọ̀ lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ. Mo tún ìṣirò náà ṣe bí ẹni pé wọn kò jèrè kankan. Síbẹ̀, ìtọ́jú ìsoríkọ́ ló gba iwájú lọ́tẹ̀ yìí.

N kò wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé òṣùwọ̀n kejì ló tọ̀nà. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti pẹ́ tó ti ń kìlọ̀ pé ẹni tí ìyà ti mọ́ lára lè sọ pé ayé tẹ́ òun lọ́rùn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan pín owó, ìfaradà rẹ̀ ni yóò fi ìtọ́jú dù ú.

Wọ́n ní kí n pa méjèèjì pọ̀ di nọ́ńbà kan. Mo kọ̀, torí pé ẹni tó bá yan bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe wúwo tó nínú àpapọ̀ náà ti ṣe ìpinnu fún ìgbìmọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ojú ewé kan ni mo fún wọn: èsì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irú ẹni tí a bi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti, yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba, iye àwọn tó ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ìtọ́jú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n jíròrò lé lórí jù. Wọ́n fi èyí tó pọ̀ nínú owó náà sí ìtọ́jú ìsoríkọ́, wọ́n ya ìyókù sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ àwọn tí ìrora wọn le jù, wọ́n sì ní kí n tún bi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ọdún kan, kí a lè mọ̀ bóyá èrè náà dúró.